Ọ̀kẹ́ Mẹ́ta Ó Dín Mọ́kànlá

Nígbà tí owó epo ń gun Èkó bí ẹṣin, tí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan yunifásítì ti di "ọ̀jọ̀gbọ́n" lẹ́nu àwọn ará ilé, mo gba yàrá kan lẹ́yìn Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Ìṣirò ni mo kà jáde. Mo gbé ìwé-ẹ̀rí mi kọ́ síbi tí ẹni tó ń lọ sílé ìwẹ̀ á ti rí i.

Onílé wa, bàbá kan láti ìhà Ọ̀yọ́, ní ọmọkùnrin kan tó lọ sógun tí kò bọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé láti ọ̀dọ̀ àwọn sójà: wọ́n ń wá a, wọn ò tíì rí i. Nọ́ńbà sójà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà, 59989. Ogun ti parí láti bí ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ ìyàwó ọmọ náà ṣì wà nínú ilé. Bàbá ní ọkùnrin mìíràn kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà láyé.

Bàbá kì í ka nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń kà á nílé-ìwé. Bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń ka owó ẹyọ ló ń kà á: ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ó dín mọ́kànlá. Àbúrò rẹ̀ ti sọ fún un pé ohun tó dín ti dín, kí wọ́n yáa máa wá aṣọ ọ̀fọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé lẹ́tà náà wá bá mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni ìwé tìrẹ wí sí i?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá ní ìwé òun kò wí nǹkan kan. Èmi mú pẹ́ńsù. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò sí ohun tó lè pín wọn kó má ṣẹ́ kù, àfi oókan àti àwọn fúnra wọn. Mo fi méjì pín in, mo fi mẹ́ta, márùn-ún, méje, títí mo fi dé 233. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Ó yẹ kí n dé 241, níbi tí ìṣirò náà ti ń parí, kí n tó lanu. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ó sì wù mí kí n jẹ́ dókítà náà.

"Kò ṣeé pín, sà."

"Ikú náà ò lè pín in nìyẹn."

Ó lọ pàṣẹ fún ìyàwó náà pé kó máa gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ láràárọ̀. Nírọ̀lẹ́, yóò dà á nù. Ojú fèrèsé mi ló ń dà á sí. Nígbà tó yá, mo máa ń gbọ́ omi náà lọ́jọ́ tí ìyàwó náà kò tilẹ̀ sí nílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyàwó náà kan ilẹ̀kùn mi. Ọkùnrin kan ní Àjàó Estate fẹ́ fẹ́ ẹ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi tún un pín," ó ní. "Ẹ má fojú àánú pín in."

Mo dé 239. Ọ̀nà 251 ló pín in sí gẹ́lẹ́. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Bàbá.

"Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan?"

"Rárá, sà."

"Oókan ńkọ́?"

"Oókan náà ò ṣẹ́ kù, sà."

Ó yọ̀ǹda obìnrin náà. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ lọ́jọ́ Sunday láì kí mi. Mo pinnu láti sọ fún Bàbá pé nọ́ńbà kò mọ ẹni tó kú, kò mọ ẹni tó wà láyé, àti pé mo ti mọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Òun ló kọ́kọ́ wá bá mi. Nọ́ńbà tó wà lára kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ sórí ìwé. Kẹ̀kẹ́ náà ti dógùn-ún. Ó ní ìṣó lòun fi ha á kí nọ́ńbà náà tó hàn.

"Lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, "kó o pín in dópin."

Mo gba ìwé náà. Ẹyọ nọ́ńbà méje ló tò tẹ̀léra lórí ìlà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì.