Omi Tútù Nínú Irin Ọkọ̀ Panyá

Láyé SÁÀPÙ, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n fi ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé ewúrẹ́, Àkànjí ará Agége ṣì níṣẹ́. Ìdí iná ìléru ló wà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àjákù irin n'Íkẹjà. Òun ló ń fọwọ́ júwe fún ẹni tó ń wa kéréènì: gbé e wá, sọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o! Bí irin tómi wà nínú rẹ̀ bá já sínú iná yẹn, yóò bú gbàù ni, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì kú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó irin ọkọ̀ elééfín kan dé, èyí tó ti rì sómi tipẹ́. Bàbá Akínfẹ́nwá, àgbà tó ń gé irin, rí orúkọ ọkọ̀ náà lára irin, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ tí ìyá wọn fi ń ṣépè ni. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tan ọmọ ọlọ́mọ lọ soko kòkó ní Panyá, erékùṣù òkè òkun, ni, ó ń kó wọn lọ ṣẹrú. Bàbá tó bí wọn wọ̀ ọ́, kò sì padà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, Bàbá nìkan ló kù sídìí irin náà.

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kéréènì gbé páìpù ńlá kan sókè. Àkànjí rí i tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀ tó, tó. Irin tí wọ́n ti sá sóòrùn láti àná! Ó nawọ́ méjèèjì sókè pé dúró.

Johnson, ọ̀gá wọn, bínú. Ó ní iná ń jó lásán, kí Àkànjí yáa ní kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó máa lọ sílé. Páìpù ń mì lókè iná. Ẹ̀rù ebi ń ba Àkànjí, ẹ̀rù ikú ń bà á, kò sọwọ́ kalẹ̀. Ẹni tó ń wa kéréènì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fà á sẹ́yìn. Bí wọ́n ti da ẹnu rẹ̀ kodò, omi tú jáde yàà.

Johnson bèèrè ẹni tó ṣe é.

“Èmi ni,” Bàbá dáhùn. “Wọ́n ní òǹgbẹ ló pa bàbá mi nínú ọkọ̀ yìí. Mo ní kí n bomi fún wọn.”

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bàbá ò ríran lọ́jọ́ náà. Johnson lé Bàbá níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àkànjí sìn wọ́n dé ẹnu géètì, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń sunkún pé òun lòun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má sunkún. Bàbá mi ò rí ẹni tó máa nawọ́ dá ọkọ̀ dúró fún wọn.”