Ìpè Tí Mọ́mì Kọ́yà Ń Gbà Lórí Àtẹ̀gùn

Òórùn oúnjẹ adìyẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nígbà yẹn, lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgandò, oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwa wà lókè. Tó o bá gun àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ Sátidé tá a fẹ́ ṣe rìhásà, òórùn ẹja lílọ̀ àti àgbàdo á tẹ̀ lé ẹ dé ìdí dírọ́ọ̀mù. Èmi ni mò ń lu dírọ́ọ̀mù. Mi ò fẹ́ fọ́nnu, ṣùgbọ́n láti Ẹgbẹ́dá títí dé Baruwa, tó o bá rí ẹni tó ń lù ú bíi tèmi, mú un wá. Ìwé ò bá mi kọjá SS2, àmọ́ ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Mọ́mì Kọ́yà ló ń darí wa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Èkìtì, ohùn wọn sì le débi pé wọn kì í lo máìkì. Èmi pẹ̀lú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní mo máa ń yára jù. "Ta ló ń lé ẹ?" ni wọ́n máa ń bi mí, gbogbo kọ́yà á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọ́n á dé àárín, wọ́n á dúró, wọ́n á gbé fóònù sétí. "Ẹn-ẹ́n. Ó dáa. Mo ń gbọ́ yín." Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ibì kan náà. Tí mo bá ti fẹ́ kọjá, wọ́n á kọjú sí ògiri. Àwọn yòókù á kí wọn jẹ́jẹ́, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Èmi ò gbà á gbọ́. Ta ló ń pe èèyàn ní gbogbo Sátidé, lórí àtẹ̀gùn nìkan ṣá? Ọkàn mi sọ fún mi pé ẹjọ́ mi ni wọ́n ń rò fún pásítọ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní Abúlé Ẹ̀gbá tóun náà ń lu dírọ́ọ̀mù, tó kàn ń kí wọn ṣáá lẹ́yìn ìsìn. Mo ní ó ti yé mi: òun ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi.

Nínú orin gan-an, ó tún burú sí i. Tó bá dé ibi tó yẹ kí ohùn gòkè, wọ́n á nawọ́ sí kọ́yà pé kí wọ́n gbà á, Mọ́mì fúnra wọn á dákẹ́, wọ́n á máa wò mí. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé èmi ni mo ba orin jẹ́. Mo bá tún yára sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀rù ò bà mí.

Sátidé kan, mo sá pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ adìyẹ nísàlẹ̀. Wọ́n gùn ún dé àárín, wọ́n gbé fóònù sétí: "Ẹn-ẹ́n, mo ń gbọ́." Mo bá tẹ nọ́ńbà wọn. Fóònù náà dún létí wọn gan-an. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo sáré gòkè lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, àmọ́ nígbà tí mo sún mọ́ wọn, mo rí i pé òógùn ti bo gbogbo ojú wọn, àyà wọn ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré láti ìlú Àgbàdo wá.

"Mọ́mì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Jẹ́ kí n mí ná."

A dúró. Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ní, "Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi pẹ̀lú ẹ ni. Wọ́n á ní mo ti dàgbà, wọ́n á gba kọ́yà lọ́wọ́ mi. Kí ló wá kù fún mi?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù nígbà náà, àbí kí n sọ ọ́."

"Ṣé o fẹ́ fi dẹ́rù bà mí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Dókítà obìnrin kan gbọ́ àyà wọn títí, ó tún pe ẹlòmíì kó wá gbọ́. Ara fu mí. Kí ló dé tí wọ́n ń wojú ara wọn? Wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo inú àyà náà. Dókítà wá ní ọkàn èèyàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì, pé ọ̀kan nínú ti Mọ́mì kì í tì dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Mo ní, "Dókítà, ẹ tún un wò o. Mọ́mì yìí ò lo máìkì rí."

"Mo gbọ́," ni dókítà dáhùn. Ó ní kí wọ́n lo oògùn ná, iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀ lé e.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Mọ́mì bi í: "Ṣé mo ṣì lè kọrin?"

"Ẹ jókòó kọ ọ́ mà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pamọ́ mọ́."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún kọ́yà. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. A gbé àga oníke síwájú fún wọn, mo wá ń rọra lu dírọ́ọ̀mù bíi pé ọmọ tuntun ń sùn nínú ilé. Mọ́mì dá orin dúró.

"Kí lò ń lù yẹn? Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá mà."

"Lù ú dáadáa jàre."

Títí dòní, a ṣì ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Tí orin bá ti ń gòkè, èémí wọn ni mò ń fetí sí. Wọ́n mọ̀, wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù, pé tẹ́nì kan bá dákẹ́ lásán, màá ní èmi ló ń gbìmọ̀ sí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó fọkàn tán Mọ́mì ló ń kí wọn tí wọ́n ń kọjá lọ. Èmi tí mi ò fọkàn tán wọn ni mo tẹ nọ́ńbà.