Àga Alápá Tí Kùdírátù Fi Ń Kírun

Nígbà tí yunifásítì tí Alfa Salahudeen ti ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n ṣe àga onígi alápá fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà sí ibi ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ ọdún sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn méjì ló gbé e wọ pálọ̀ wọn ní àdúgbò Pàkátà.

Kùdírátù, ìyàwó Alfa, ló ń nù ún. Alfa nìkan ló ń jókòó sí i. Kò sẹ́ni tó ṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé kàn ṣe gbà á. Nígbà tí Alfa kú, Bàṣírù, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní GRA, fi ọ̀rá bo àga náà, ó ní òun máa wá gbé e lọ sílé òun.

Kò pẹ́ tí orúnkún Kùdírátù fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Dókítà ní kó máa jókòó kírun. Ó gbìyànjú àga oníke, àmọ́ lọ́jọ́ kan tó fẹ́ dìde, àga náà yọ̀ sẹ́yìn, ó sì fìdí lulẹ̀. Ibi tó wà nílẹ̀ ló ti ń wo àga Alfa. Gbogbo bó ṣe ń nù ún tó, kò fìdí kàn án rí. Ó rò ó pé bóyá àfojúdi ni. Ó tún rò ó pé ta wá ni òun fẹ́ ṣàfojúdi sí. Ó ká ọ̀rá náà kúrò, ó rọra ti àga náà títí ó fi kọjú sí Gábàsì, ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, ó sì jókòó. Nígbà tó fọwọ́ ti apá rẹ̀ dìde, àga náà ò mì.

Orí ìrun Àílà ni Bàṣírù bá a lọ́jọ́ tó mú ọkọ̀ wá gbé àga. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyá rẹ̀ fi sàláámà, tó parí ìrun.

"Ìyá, àga Bàbá lẹ jókòó sí yẹn."

"Mo mọ̀."

"Mi ò bínú o. Ó kàn ṣe mí bákan ni. Ẹ jẹ́ kí n ra òmíràn fún yín."

"Ẹ̀rù àga mìíràn ti ń bà mí látìgbà tí oníke ti gbé mi ṣubú. Èyí kì í yẹ̀ lábẹ́ mi. Ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ níbẹ̀, Bàṣírù. Tí mo bá ti ṣàdúà fún bàbá rẹ tán, mo máa ń pẹ́ kí n tó dìde."

 Bàṣírù jáde lọ bá awakọ̀, ó ní kó máa lọ. Nígbà tó wọlé, ó gbé àga náà sún mọ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Wọ́n jọ jẹun. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Aláásárì, Bàṣírù ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní síwájú àga náà, ó sì ṣe lèmọ́mù fún ìyá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, kí ìyá lè máa bá a.