Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Kánẹ̀lì

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìsọlọ̀, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọjà Aswani la ti ń kọ́ ọ. Àǹtí kan tó jù mí lọ dáadáa ló ń kọ́ wa. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi, kánẹ̀lì ló jọ mí lójú jù.

Kánẹ̀lì ni olórí gbogbo prógíráàmù inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń pín àyè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni páswọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ ń gbà kọjá. Prógíráàmù tí èmi tàbí ìwọ bá ṣí kò gbọdọ̀ fojú kan mẹ́mọ́rì kánẹ̀lì, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ojú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà pa prógíráàmù mi, orin tó ń kọ lórí ẹ̀rọ kan náà kò tilẹ̀ dúró. Ẹnu yà mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn yòókù ti lọ kírun, ó ku èmi àti àǹtí. Mo ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó lè wo inú kánẹ̀lì láéláé. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó fa kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jáde lábẹ́ tábìlì, èyí tí wọn kò ṣe àtúnṣe kankan sí láti ọjọ́ pípẹ́.

“Tẹ ohun kan tí o kò ní fẹ́ kí n mọ̀,” ló wí. “Màá kọjú sí ògiri. Inú mẹ́mọ́rì kánẹ̀lì ló máa lọ. Lẹ́yìn náà, màá gbìyànjú láti kà á.”

“Ohunkóhun?”

“Ohun tó bá wù ẹ́. Ṣebí ó dá ẹ lójú pé kò lè jáde.”

Ó dá mi lójú lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ ohun tí n kò tíì sọ fún ọkọ mi, tí n kò tíì sọ fún ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì ti yára sọ ọ́ káàkiri. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi nìkan ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń rẹ̀ mí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ méjì: *mo loyun*.

Àǹtí jókòó. Ó wọlé sórí ẹ̀rọ náà bí ẹni tí kò ní àṣẹ kankan níbẹ̀, ó sì ṣí prógíráàmù tirẹ̀. Àmì ìbéèrè nìkan ló ń jáde. Mo ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, *m* yọ. *O* tẹ̀lé e. Àlàfo kan. *L*. *O*. Lẹ́tà ń yọ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ìka kọ wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Nígbà tí *u* yọ, àǹtí sáré dá prógíráàmù náà dúró, ó sì yíjú sí fèrèsé.

“N kò rí nǹkan kan o.”

“Ẹ ti rí i, mà.”

Ó yíjú padà sí mi. “Ta ló tún mọ̀?”

“Ẹ̀yin nìkan.”

Kò pariwo. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọlọ́run á bá wa dá a sí.”

Mo wá bi í pé, “Àǹtí, báwo ló ṣe jáde?”

“Ìkánjú ni. Prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í fẹ́ dúró. Kó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo láṣẹ láti rí lẹ́tà kan, ó ti gbé e, ó ti ń fi ṣiṣẹ́. Bó bá rí i pé kò yẹ, á da iṣẹ́ náà nù, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ á kù níbi tó ń kó ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí. Ohun tó wà nítòsí máa ń yá ju èyí tó jìnnà lọ. Mo kàn ń dán gbogbo lẹ́tà wò, mo ń wo èyí tó yá ni, ìyẹn ni mo fi ń mọ lẹ́tà tó jẹ́.”

“Kò wá sí àtúnṣe?”

“Ó wà. Tẹ́lẹ̀, mẹ́mọ́rì kánẹ̀lì wà lórí máàpù tí prógíráàmù kọ̀ọ̀kan fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, wọ́n kàn sàmì sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ni. Ní báyìí, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí máàpù náà, àfi ibi kékeré tí a ó máa gbà wọlé. Bí prógíráàmù bá fẹ́ bẹ kánẹ̀lì níṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ máàpù. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ó máa ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí lórí máàpù, ìkánjú ò lè gbé e.”

Ó ṣe àtúnṣe náà, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Mo tún tẹ ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Àmì ìbéèrè ń tò lọ lójú wa títí àwọn tó lọ kírun fi dé. Lẹ́tà kan kò yọ. Mo ń rò ó pé àìmọye ìgbà ni wọ́n ń pààrọ̀ máàpù náà kí n tó ṣẹ́jú, tí n kò sì mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé wa ní Ailegun, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Oyún náà dúró. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí.

Ọ́fíìsì kan nítòsí Bọ́ládé ni mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan níbẹ̀ fárígá pé ẹ̀rọ òun ò yá mọ́ látìgbà tí mo ti ṣe irú àtúnṣe tí àǹtí ṣe sí i, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, n ò lè yọ ọ́.” Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n, mo sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo parí, oúnjẹ ọ̀sán wọn ti tutù, wọ́n ṣì ń wo kọ̀ǹpútà náà.