Ọkọ̀ Oníbátìrì Tí Kò Gbé Elisha

Ta ló ní kí ọkọ̀ náà má kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun láti ọjọ́ tí a ti sin Elisha, akankọ̀ Agbabu. Ejò bù ú jẹ nínú oko kòkó rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, níbi tó ti ń ro koríko. Ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò wà ní ìsàlẹ̀ odò, ogójì ìṣẹ́jú péré lórí omi. Ọkọ̀ akérò oníbátìrì, èyí tí ọwọ́ Elisha fúnra rẹ̀ wà nínú kíkàn rẹ̀, wà ní èbúté, bátìrì rẹ̀ kún bámú. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, wọ́n gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó yí igbó ká. Kò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n dá ọgbà ìkànkọ̀ náà sílẹ̀ létí odò Olúwa lọ́dún méjì sẹ́yìn, èmi ọ̀mọ̀ràn inú ìwé ìròyìn yìí ni mo gbé bírò láti Ọ̀rẹ̀. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta gbáko nípa ọkọ̀ oníná àwọn ará Nọ́wè, orílẹ̀-èdè tí n kò dé rí. Mo ṣàpèjúwe fìlà àlejò pàtàkì tó wá wo iṣẹ́. Mo tilẹ̀ yin mítì-páì tí wọ́n fún wa jẹ. Elisha? Mo pè é ní "òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ kan," mo sì rò pé gbólóhùn náà dùn.

Bẹ́ẹ̀ òun ló yọ ọkọ̀ náà nínú ìtìjú. Àwọn ẹnjiníà to gbogbo bátìrì sí ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Elisha gbé abọ́ epo pupa kan kalẹ̀ láàárín ọkọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Epo náà ṣàn sẹ́yìn abọ́.

"Ọkọ̀ yín ti fìdí jókòó," ló wí. "Ẹ kó ẹrù yẹn wá sáàárín, kó sún mọ́ ìsàlẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣírò lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ kejì tí wọ́n fẹ́ kàn yóò máa lo bátìrì àti dísẹ́ẹ̀lì papọ̀. Ó jẹ́ kí n tú gbogbo ìwé inú mi tán.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó máa gbé e lọ. Ibi tí omi máa gbà wọlé lèmi ń wá."

Àwọn akankọ̀ etí odò wa ní àṣà kan. Ẹni tó kan ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, tí yóò wà wọ́n kọjá odò, kí ẹni tó ni ín tó fẹsẹ̀ kàn án. Bí yóò bá rì, kó rì mọ́ ẹni tó kàn án. Elisha bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkọ̀ ìgbàlódé lèyí, ẹni ńlá kan ń bọ̀ wá gé ríbọ́nù, èrò kankan kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Oṣù mẹ́jọ ni tapólíìnì fi bò ó, tí wọ́n ń gba iná sí bátìrì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé bí ẹni ń bọ́ ẹran tí kò ní rìn. Ṣé ènìyàn ni wọ́n kàn án fún ni, àbí àlùmọ́gàjí?

Mo lọ bá Ṣéhù, ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Ó wà lápò mi, bàbá. Ẹni tó ń wà á wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé bàbá akankọ̀ dé èbúté. Mo pe ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n dúró, òun máa pe ọ̀gá tòun. Ìyẹn náà ní òun máa béèrè. Mùhámmẹ́d ọlọ́kadà ń jágbe mọ́ mi: 'Ṣéhù, ṣé fóònù ló máa wa ọkọ̀ ni?' Nígbà tó yá, ó gbé bàbá lọ."

"Wọ́n pè ọ́ padà?"

"Wọ́n pè. Wọ́n ní rárá, kí nǹkan má baà ha á lára kí ẹni ńlá tó dé. Aago mẹ́fà ti lọ."

Elisha ti kú ní aago márùn-ún ààbọ̀.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dé láti ọgbà ìkànkọ̀. Wọ́n ní ejò ló pa á. Ẹ ò rí i bí ó ti rọrùn tó? Ejò kì í gbé fóònù, a kò sì lè ránṣẹ́ pè é wá jẹ́jọ́.

Mo gbé ohun tí mo kọ dé ibí yìí lọ fún Lydia Ìyá Oyin, opó Elisha, mo kà á sí i létí. Ó ń pa èkùrọ́, kò dáwọ́ dúró.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ti bi ọ̀gá, ẹ ti bi ọ̀gá ọ̀gá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, Ìyá Oyin?"

"Ṣebí ó wá bá yín ní Ọ̀rẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́. Ó ní kí ẹ bá òun kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn máa gbé aláìsàn. Kí lẹ fi dá a lóhùn?"

Mo mọ ohun tí mo wí. Mo ní, "Elisha, jẹ́ ká ní sùúrù. Jẹ́ kí wọ́n ṣí i ná, ká má ba nǹkan rere jẹ́." Èmi tí mo ń pe ara mi ní oníbéèrè! Kò sẹ́ni tó pè mí lórí fóònù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè, mi ò sì ní dákẹ́: kí ọgbà ìkànkọ̀ náà tẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ìpè Ṣéhù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà jáde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí oníkálukú fi dáhùn. Kí wọ́n kà á fún Lydia ní Agbabu, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni tó gé ríbọ́nù kankan. Kí iṣẹ́ má baà nira fún wọn, mo ti bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Orúkọ àkọ́kọ́: Fọlárìn, oníwèé ìròyìn, Ọ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀: jẹ́ ká ní sùúrù.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa àtùpà.