Àga Bàbá Mi Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Iṣẹ́ mi n'Ìbàdàn ni kí n máa ya àga tí ẹnikẹ́ni ò tíì kàn. Oníbàárà á na fóònù rẹ̀ sí pálọ̀, á sì rí àga náà níbẹ̀ lójú fóònù, pẹ̀lú òjìji lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti gbé e wọlé. Tó bá wù ú, a kàn án. Mo ti ṣàlàyé èyí fún màmá mi n'Ìkirè títí ó fi sú mi. Káfíńtà ni wọ́n ń pè mí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kú lọ́dún tó kọjá. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àga wọn sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fẹ̀gbẹ́ rìn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Wọn kì í dáhùn. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kò, bí ẹni pé ìjọba ló fún wọn ní ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn ikú wọn, ikán mú àga náà, ó sì ti ń gun férémù ilẹ̀kùn. Gbogbo wa ní kí a dáná sun ún. Màmá kọ̀.

"Ẹ ti sin bàbá yín, ẹ tún fẹ́ sun àga wọn. Ta ló kàn? Èmi?"

Inú mi máa ń tètè bí. Mo ní tí ilé bá wó, àga ò ní í bá wọn gbé e ró. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ ohun tó ń dùn wọ́n gan-an: "Tí n bá wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó ńkọ́?"

Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní n ó fi àga náà sínú fóònù kí a tó jó o.

Mo gbé e sí àgbàlá, mo ń yí i po bí ẹni ń ṣọ́ òkété lẹ́nu ihò, mo ń ya fọ́tò rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò màmá mi, ìyàwó Alájì ní Àpòmù, wọlé dé. "Àga yìí ń ṣe ọjọ́ ìbí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo dí gbogbo ihò ikán lójú fóònù, mo nu àbàwọ́n, mo gbé àga sí igun pálọ̀. Màmá wò ó. Wọ́n wo ẹ̀yìn fóònù. Wọ́n tún wo ojú rẹ̀.

"Àga ta nìyí? Àpá ìpara orí wọn dà? Ibi tó ya nígbà tí wọ́n fi etí àga ṣí ìdérí mínírà dà?"

"Ó ti sọ ọ́ di àga gómìnà," ni àǹtí mi wí.

"Ó tún gbé e sí igun. Ìgbà wo ni wọ́n jókòó sí igun rí?"

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fi àbàwọ́n sára àga á gba ìbáwí. Èmi wá jókòó, mò ń fi sùúrù ya ìpara orí bàbá mi padà. Mo ya ibi tó ya. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà lójú fóònù.

Màmá di fóònù mú, wọ́n na án sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin bàbá yìí," wọ́n ní, "ẹ ò tún rí ibòmíràn jókòó sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, lójú tèmi náà. Wọ́n ní a lè lọ jó èyí tó wà ní àgbàlá.

Àǹtí mi ló sáré gbé kẹrosíìnì kí màmá má baà yí ọkàn padà. Bí àǹtí ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà jáde ni màmá, fóònù lọ́wọ́, figbe ta: "O ti tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀!"

Àǹtí mi fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Astagafurulai!"

Ọjọ́ tí mò ń padà s'Ìbàdàn, mò ń kánjú. Fóònù wà nínú báàgì, mo ti pa á. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ̀gbẹ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wẹ̀yìn, màmá ń wò mí láti ilé ìdáná. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣe sùúrù," wọ́n ní. "Wọn ò tíì ká ẹsẹ̀ kò."