Dírọ́ọ̀ Tó Mú Mi Jó ní Hartstown

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Orí àgbà yìí ti ń gbàgbé nǹkan. Lánàá, inú press tá à ń kó àwo sí ni wọ́n ti bá sálúbàtà mi! Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi létí pápá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó bọ́ lórí mi.

Èmi ò kàwé. Tẹni, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Òun gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn.

Tẹni ni kíípà fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ní Hartstown, ní Dublin níbí. Fúnkẹ́, ìyá ẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, ló ní kí n wá wò ó. Àwọn ọmọ wa ti gbá ọ̀kan wọlé, àwọn ọmọ Clondalkin ò rí nǹkan kan. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè. Ni ọmọ Clondalkin kan bá já wọlé, gbàà! Bọ́ọ̀lù ti kọjá Tẹni. Ọ̀kan-ọ̀kan!

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ṣí fìlà, mo fò sókè! "Dírọ́ọ̀! Dírọ́ọ̀ ti dé o!" Mo ń jó lójú gbogbo ayé!

Òyìnbó tó dúró tì mí bi mí pé ṣé mo wà grand, ìyẹn ni pé ṣé kò sí nǹkan. Fúnkẹ́ fà mí láṣọ: "Bàbá, àwa ni wọ́n gbá a sí o! Kí lẹ wá ń jó sí?"

Mo ní òtútù ló mú mi. Irọ́ ni!

Tẹni kẹ̀yìn sí mi nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ Sunday, kò kí mi. Ní Monday, ó gbé tíì síwájú mi, ó yí padà. Haa! Ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sinmi ẹjọ́! Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo pè é, mo ní kí ló dé.

"Whose side are you on, Grandad?"

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan látìgbà tá a ti dé Dublin ni mo bá sọ fún un. Ògbólógbòó onípúùlù ni mí!

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ n'Íbàdàn, àwọn òyìnbó ló mú tẹ́tẹ́ púùlù wá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílùú wọn lọ́hùn-ún la fi ń ta á. Tábìlì kan ṣoṣo tá a ti ń ta á ló kọ́kọ́ wà ládùúgbò wa. Ká tó mọ̀, télọ̀ ń ta á, tíṣà ń ta á, ṣọ́ọ̀bù púùlù ti wà ní gbogbo kọ́nà! Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo wa á pé yí rédíò ká láti gbọ́ èsì. Nísinsìnyí ńkọ́? Inú fóònù ló wà, wọ́n ń ta á nínú bọ́ọ̀sì.

Mi ò lè ka orúkọ kíláàbù kankan. Nọ́ńbà ni wọ́n fún máàṣì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn ni mo ń mú. Ta ló wá ń wá ẹni tó borí? Ọ̀mì la ń wá, dírọ́ọ̀, kí gólì wọn dọ́gba! Dírọ́ọ̀ mẹ́ta tó bá bọ́ sí i, o ti jẹ nìyẹn. Méjì á bọ́ sí i fún mi, ẹ̀kẹta á bà á jẹ́. Gbogbo ìgbà! Torí náà, tí mo bá ti gbọ́ ọ̀kan-ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi kì í dúró béèrè lọ́wọ́ orí mi.

Tẹni wò mí. Ó ní ṣé kì í ṣe òun ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Mo ní rárá o, ọmọ mi! Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mo gas, bí wọ́n ṣe ń sọ níbí tí èèyàn bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó wá béèrè pé ṣé Mummy òun mọ̀. Fúnkẹ́ kẹ̀? Dìákónẹ́ẹ̀sì tí kò fẹ́ gbọ́ tẹ́tẹ́ sétí? Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń sọ fún un ní Sátidé pé mò ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí ara ẹ̀ ò yá. Títí dòní ló ń gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ náà!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn lè pa ẹnu mọ́ láti Ìbàdàn títí dé Dublin, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wá sọ gbogbo ẹ̀ létí pápá. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ara yín ti tú síta rí, tí ẹnu yín ò tí ì sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, wọ́n á kà á fún mi.

Ó yá, Tẹni, ka gbogbo ẹ̀ padà fún mi. Kà á sókè. Sókè dáadáa, kí Mummy ẹ lè gbọ́ ọ ní kíṣìnì.